Ṣé 24th Infantry tó jà ní Kúbà náà ló jà ní Kòríà àti Ìráàkì?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Houston, ó ní: "Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú sì ni ìyàwó mi. Láìpẹ́ yìí la rí ìwé tí wọ́n fi dá bàbá ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Bàbá náà ti di olóògbé. 'Co C, 24th Inf' ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú Kòríà, 1950 sí 1951. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní òun kà á pé 24th Infantry jà ní Kúbà ní 1898, ó sì tún jà ní Ìráàkì ní 2004. Ẹlòmíràn wá sọ pé wọ́n tú u ká ní 1951 nítorí pé ṣe ni àwọn sójà rẹ̀ ń sá lójú ogun. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá ìyàwó mi wọ akínyẹmí ara. Ṣé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo èyí? Báwo la ṣe lè mọ ohun tí bàbá ṣe gan-an?"

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ bá mi kí Màmá. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín sọ. 24th Infantry tó wà ní Kúbà ní 1898 ló wà ní Kòríà ní 1950, orúkọ rẹ̀ náà sì ni àwọn tó jà ní ìlú Mosul ní Ìráàkì ní 2004 ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹgbẹ́ lọ́tọ̀, ìtàn ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí bàbá ṣe gbọ́dọ̀ mọ kọ́ńpìnì rẹ̀, ọjọ́ tó débẹ̀, àti ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ti ní kọ́ńpìnì lọ́wọ́, ọjọ́ ló kù. Ní ti ẹni tó ní wọ́n ń sá lójú ogun, ẹyọ kan ló ṣà nínú ìtàn gígùn, tó wá sọ ọ́ di gbogbo rẹ̀. Màá dé orí ìyẹn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n yọ yín nínú àṣìṣe kan tó ti ṣi ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́nà. Ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà méjì ló ń jẹ́ 24 ní Kòríà ní 1950. Ọ̀kan ni 24th Infantry Division, dífíṣọ̀n ńlá tí Ọ̀gágun William Dean ń darí, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Àríwá Kòríà mú lẹ́yìn ìjà Taejon. Èkejì ni 24th Infantry Regiment, tó wà lábẹ́ Dífíṣọ̀n 25. Wọn kò bára tan. Rẹ́jímẹ́ǹtì mẹ́ta ló sábà ń wà nínú dífíṣọ̀n kan nígbà náà, bàtálíọ̀nù mẹ́ta nínú rẹ́jímẹ́ǹtì, bàtálíọ̀nù sì ní àwọn kọ́ńpìnì tirẹ̀, tí kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí igba ọkùnrin bó bá pé. Nítorí pé "Co C" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "24th Inf" nínú ìwé yín, tí kò sì sí "Div" níbẹ̀, rẹ́jímẹ́ǹtì ni. Kọ́ńpìnì C sì wà nínú Bàtálíọ̀nù Kìíní, òun àti A, B àti D. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a óò padà sí i.

Bí rẹ́jímẹ́ǹtì ṣe ń pẹ́ láyé ju àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ kò ní ṣòro fún ọmọ Ìbàdàn láti lóye. Oyè Balógun wà nílẹ̀ nígbà tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ṣáájú ogun Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, oyè náà wà títí dòní. Ó lè ṣófo fún ìgbà kan kí wọ́n tó tún fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lónìí jogún iyì Òṣogbo, àmọ́ kò lè sọ pé òun dúró lójú ogun náà. Bí ti rẹ́jímẹ́ǹtì Amẹ́ríkà náà ṣe rí nìyẹn. Iléeṣẹ́ kan wà lábẹ́ ìjọba wọn, Center of Military History, tó ń tọ́jú ìwé ìran ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ tó ti jẹ́ rí, ogun tó jà, ẹ̀yẹ tó gbà. Ara ọ̀pá àsíá rẹ̀ ni wọ́n ń so ọ̀já aláwọ̀ mọ́, ọ̀já kan fún ìjagun kan. Bí ìjọba kò bá nílò ẹgbẹ́ náà mọ́, wọ́n á ká àsíá rẹ̀, wọ́n á gbé e pamọ́, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá tún nílò rẹ̀ lẹ́yìn ogún tàbí ogójì ọdún, wọ́n á tú àsíá náà, wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ tuntun sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà tí wọ́n pa rẹ́ pátápátá. Ti 24th Infantry, kíká ni wọ́n ká àsíá rẹ̀ ní 1951.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje 1866, àwọn aṣòfin wọn fọwọ́ sí i pé kí rẹ́jímẹ́ǹtì mẹ́fà jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú nínú iṣẹ́ ológun ìjọba: méjì ẹlẹ́ṣin, mẹ́rin ẹlẹ́sẹ̀. Ní 1869 wọ́n dín wọn kù. Wọ́n pa 38 àti 41 pọ̀, wọ́n sọ wọ́n di 24. Wọ́n pa 39 àti 40 pọ̀, wọ́n sọ wọ́n di 25. Fort McKavett ní Texas ni wọ́n ti kó 24th Infantry jọ. Púpọ̀ nínú àwọn sójà náà ló ti jẹ́ ẹrú rí, òyìnbó sì ni àwọn ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún wọn. Bí wọ́n ṣe lo ọdún púpọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn nìyẹn, tí wọ́n ń la ọ̀nà, tí wọ́n ń ta waya tẹligíráàfù, tí wọ́n ń ṣọ́ ọkọ̀ lẹ́tà. A kò gbọdọ̀ fi pamọ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ní oṣù Karùn-ún 1889, àwọn ọlọ́ṣà dá ọkọ̀ owó oṣù ológun lọ́nà ní Arizona, wọ́n kó ohun tó lé ní 28,000 dọ́là lọ. Sájẹ́ńtì Benjamin Brown àti Kọ́pọ́rà Isaiah Mays ti 24th Infantry wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tó kojú wọn. Brown ń jà lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn. Mays fara gbọgbẹ́, ó sì rìn, ó tún rákò dé ilé kan tó jìnnà kó lè ké pe ìrànlọ́wọ́. Àwọn méjèèjì gba Medal of Honor, ẹ̀yẹ tó ga jù fún akọni lójú ogun ní Amẹ́ríkà.  Kọ́ńpìnì C ni ti Brown, kọ́ńpìnì bàbá yín.

Nínú wọn náà ni Allen Allensworth wà, àlùfáà rẹ́jímẹ́ǹtì, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Kentucky. Ó kọ́ àwọn sójà ní ìwé kíkà títí tó fi fẹ̀yìntì ní 1906. Lẹ́yìn ọdún méjì, òun àti àwọn kan tẹ ìlú kan dó fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní California, orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà sì ń jẹ́.

Kúbà ló kàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1898, 24th Infantry wà lára àwọn tó gun òkè San Juan lẹ́bàá Santiago lójú ìbọn àwọn ará Sípéènì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìbọn pa Wikoff, ọ̀gá bìrìgéèdì wọn, ìyẹn àkójọ rẹ́jímẹ́ǹtì mélòó kan. Ẹni tó gbapò rẹ̀ gbọgbẹ́. Liscum tó jẹ́ ọ̀gá 24th Infantry fúnra rẹ̀ gbapò, òun náà gbọgbẹ́. Síbẹ̀ àwọn sójà náà gòkè. Ogun yìí ni ìwé púpọ̀ ń sọ, wọ́n sì máa ń fi òkìkí rẹ̀ fún Theodore Roosevelt àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀.

Èmi, ohun tó tẹ̀lé e ni mo kà sí pàtàkì jù. Ibà apọ́njú bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn ológun ní Siboney, létí òkun. Àwọn dókítà ìgbà náà gbà gbọ́ pé ara aláwọ̀ dúdú kì í gbà á, irọ́ ni. Wọ́n bẹ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láti ṣètọ́jú àwọn aláìsàn, wọn kò gbà. Nígbà tí wọ́n bi 24th Infantry léèrè ẹni tó fẹ́ lọ, àwọn ènìyàn jáde láìfi ipá mú wọn. Wọ́n ń gbé aláìsàn, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, wọ́n ń sin òkú. Nínú 456 tó rìn lọ sí Siboney, 24 péré ni àìsàn kò kàn. Ojú ogun ni San Juan, ìbẹ̀rù àti ariwo ló ń gbé ènìyàn lọ níbẹ̀. Ní Siboney, ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jí wọnú ikú náà pẹ̀lú ojú àti ọgbọ́n wọn. Bí Màmá bá fẹ́ nǹkan kan tó lè fi yangàn nínú ìtàn rẹ́jímẹ́ǹtì bàbá wọn, èmi á ní Siboney.

Láti 1899 wọ́n lọ jà ní Fílípìnì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìbéèrè fún wọn: aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń so kọ́ igi nílé, kí ló ń lọ ja ẹlòmíràn tó ń bèèrè òmìnira fún? David Fagen, ọmọ Tampa, fi ẹsẹ̀ dáhùn. Ó fi 24th Infantry sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1899, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Fílípìnì, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀gá láàárín wọn. Àwọn Amẹ́ríkà fi 600 dọ́là lé e lórí. Ní òpin 1901, ọdẹ kan gbé orí kan wá pé ti Fagen ni. Títí dòní àwọn òpìtàn kò gbà pé ó dájú. Ìtàn tirẹ̀ kò sí lára ọ̀já àsíá, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ rẹ́jímẹ́ǹtì yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Houston, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa sáré ìdárayá lórí ilẹ̀ tó kàn yín. Memorial Park ti òde òní wà níbi tí Camp Logan wà ní 1917. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n kó Bàtálíọ̀nù Kẹta ti 24th Infantry wá láti máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kọ́ ibùdó náà. Àwọn ọlọ́pàá Houston àti àwọn òfin ìyàsọ́tọ̀ ìlú náà, tó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára òyìnbó, fojú wọn rí màbo. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, ọlọ́pàá wọ́ obìnrin dúdú kan jáde nílé rẹ̀. Sójà kan bá a sọ̀rọ̀, wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Kọ́pọ́rà Charles Baltimore lọ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n lu òun náà, wọ́n yìnbọn tọ̀ ọ́. Ìròyìn dé ibùdó pé wọ́n ti pa á. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún sójà tó gbé ìbọn wọ ìlú. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló kú, àwọn sójà àti ọlọ́pàá wà nínú wọn.

Ìgbẹ́jọ́ tó tẹ̀lé e ló burú jù. Sójà 63 ni wọ́n gbẹ́jọ́ wọn pa pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀gá ológun kan ṣoṣo tí kì í ṣe lọ́yà ló sì gbèjà gbogbo wọn. Ní ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1917, wọ́n yẹgi fún mẹ́tàlá nínú wọn kí ẹnikẹ́ni ní Washington tó yẹ ìdájọ́ náà wò. Ìyẹn ló fà á tí iléeṣẹ́ ológun fi pàṣẹ lẹ́yìn náà pé wọn kò gbọdọ̀ pa ẹni tí ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹjọ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí gbogbo ẹjọ́ parí, 110 ni wọ́n dá lẹ́bi, 19 ni wọ́n yẹgi fún. Ní oṣù Kọkànlá 2023, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ gbogbo àwọn 110 náà. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́fà ló gbà.

Mo dúró lórí Houston torí pé ẹ̀yin ń gbé níbẹ̀, àti torí ohun mìíràn. Bàtálíọ̀nù Kẹta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ìyẹn Kọ́ńpìnì I, K, L àti M. Kọ́ńpìnì C kò sí ní Houston lálẹ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá sọ pé "24th Infantry ló ṣe é," ẹ bi í pé kọ́ńpìnì wo.

Ogun àgbáyé kejì kò ní gba àkókò wa púpọ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí Gúúsù Pàsífíìkì ní 1942, iṣẹ́ èbúté ni wọ́n sì fi wọ́n ṣe fún ìgbà pípẹ́, ẹrù kíkó àti ẹrù sísọ̀. Bàtálíọ̀nù Kìíní jà ní Bougainville ní 1944. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí Saipan láti wá àwọn sójà Jàpáánì tó fara pamọ́ sínú igbó, wọ́n sì parí rẹ̀ sí àwọn erékùṣù Kerama lẹ́bàá Okinawa, níbi tí ọ̀gá ọmọ ogun Jàpáánì kan ti wá juwọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá wọn ní oṣù Kẹjọ 1945. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti di ẹ̀ṣọ́ ní Gifu ní Jàpáánì.

Ó wá kan Kòríà. Nígbà tí ogun bẹ́ ní oṣù Kẹfà 1950, Ààrẹ Truman ti fọwọ́ sí àṣẹ 9981 láti 1948 pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun. Àṣẹ náà kò tíì dé Gifu: dúdú ni gbogbo sójà 24th Infantry, òyìnbó ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá àgbà wọn. Wọ́n dé Kòríà ní oṣù Keje. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà wọ́n gba ìlú Yechon padà, ìròyìn rẹ̀ sì kárí Amẹ́ríkà torí pé ìlú tí wọ́n ń pàdánù nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ látìgbà tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bí ìjà náà ṣe le tó. Pé wọ́n gba ìlú náà, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn Yechon ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ní òpin oṣù Keje àti nínú oṣù Kẹjọ, ní àyíká Sangju àti Haman, àwọn sójà kan fi ibi tí wọ́n wà sílẹ̀ láìgba àṣẹ, ó sì ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó yí wọn ká. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kan náà, àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti òyìnbó náà ń tú ká, wọ́n ń ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n ń sá lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó sọ pé àwọ̀ wọn ló fà á. Ọmọ ogun tí wọ́n kó láti ibi ìgbafẹ́ ní Jàpáánì ni gbogbo wọn, ohun ìjà wọn ti gbó, rédíò wọn kì í gbéra. Ti 24th Infantry tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: àwọn ọ̀gá tí kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tí wọ́n ń darí, àti àwọn sójà tó mọ̀ pé àwọn ọ̀gá náà kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn. Ọ̀gá tuntun kan tí wọ́n yàn fún wọn nínú oṣù Kẹjọ kó wọn jọ, ó sì bú wọn lójú ara wọn pé ẹ̀rù máa ń bà wọ́n. Ta ló fẹ́ kú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀ àwọn kan kú. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1950, lẹ́bàá Haman, William Thompson ti Kọ́ńpìnì M dúró ti ìbọn ńlá rẹ̀ nígbà tí ọ̀tá yí wọn ká lóru. Ó gbọgbẹ́, wọ́n ní kó máa bọ̀, ó kọ̀, ó ń yìnbọn kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀ títí bọ́ǹbù fi pa á. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Medal of Honor láti ìgbà ogun Sípéènì.

Àwọn ilé ẹjọ́ ológun ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lẹ́fútẹ́nántì Leon Gilbert ti Kọ́ńpìnì A ni wọ́n dájọ́ ikú fún. Truman yí i sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún. Thurgood Marshall, tó wá di adájọ́ àgbà lẹ́yìn náà, rìn lọ sí Jàpáánì àti Kòríà ní 1951 ní orúkọ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, láti yẹ àwọn ẹjọ́ náà wò. Ó rí ẹ̀wọ̀n gbére tí wọ́n dá fún ènìyàn nínú ìgbẹ́jọ́ tí kò tó wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Kọ́ńpìnì C, torí ibí yìí ni ọjọ́ ti ṣe pàtàkì fún yín. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 1950, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ṣáínà ya wọnú ogun ní àríwá, wọ́n yí Kọ́ńpìnì C ká, púpọ̀ nínú wọn sì bọ́ sí ìgbèkùn. Wọ́n ní láti tún kọ́ńpìnì náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tuntun. Àwọn tuntun yìí ni wọ́n kọjá odò Han ní oṣù Kẹta 1951. Láàárín wọn ni Sájẹ́ńtì Cornelius Charlton wà. Ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà ni wọ́n fi í sí, òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sójú ogun. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà 1951, lẹ́bàá Chipo-ri, ọ̀gá rẹ̀ gbọgbẹ́, Charlton gbapò, ó kó àwọn tó kù gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ìbọn bà á láyà, ó kọ̀ kí wọ́n tọ́jú òun, ó tún gùn ún, òun nìkan ló sáré lọ kojú ìbọn tó kù, ibẹ̀ ló kú sí. Medal of Honor ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Kọ́ńpìnì kan náà, orúkọ kan náà, ogun kan náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá kọ́ ló wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ewo ni bàbá wà nínú rẹ̀? Ìyẹn ni ìbéèrè yín gan-an.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1951, wọ́n ká àsíá 24th Infantry, wọ́n pín àwọn sójà rẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, Rẹ́jímẹ́ǹtì 14 sì gba ipò rẹ̀ nínú Dífíṣọ̀n 25. Ọ̀gá Dífíṣọ̀n 25 ti ń bèèrè fún un láti oṣù Kẹsàn-án 1950 pé wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá ṣẹlẹ̀, ara ètò tí wọ́n fi fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ ní gbogbo Kòríà ni. Ọdún kan tó tẹ̀lé àwọn ìjà Haman ni 24th Infantry sì fi ń jà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé sísá ni ìdí rẹ̀, kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe fún odindi ọdún kan lójú ogun? Ní 1996, àwọn òpìtàn iléeṣẹ́ ológun fúnra wọn ṣe ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí àṣìṣe àwọn sójà, wọ́n sì rí i pé ìyàsọ́tọ̀ àti àìfọkàntánni ló ba ẹgbẹ́ náà jẹ́ láti inú.

Ní 1957 wọ́n yí ètò padà: rẹ́jímẹ́ǹtì kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ń jagun pọ̀ mọ́, ó di orúkọ tí bàtálíọ̀nù kan tàbí méjì ń jẹ́. Lábẹ́ ètò yẹn ni wọ́n fi tú àsíá 24th Infantry ní 1995 ní Fort Lewis, fún Bàtálíọ̀nù Kìíní nìkan. Òyìnbó, dúdú, Látínò, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n wà ní Mosul láti 2004 sí 2005 lábẹ́ Erik Kurilla, tó wá di olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn. Fort Wainwright ní Alaska ni wọ́n wà báyìí. Lọ́nà yìí ni ọ̀já Santiago ti 1898 ṣe wà lórí àsíá tí ọ̀dọ́ kan tí kò tíì dé Kúbà rí ń gbé.

Ní ti ìwádìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá "Korean Service Medal" níbẹ̀, kí ẹ wo iye ìràwọ̀ tí wọ́n kọ sí i. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìpele ogun kan, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 27 oṣù Kẹfà 1950, ó parí ní 15 oṣù Kẹsàn-án. Ìkejì dé 2 oṣù Kọkànlá. Ìkẹta, tó jẹ́ ìgbà tí Ṣáínà wọlé, dé 24 oṣù Kìíní 1951. Ìkẹrin dé 21 oṣù Kẹrin, ìkarùn-ún dé 8 oṣù Keje, ìkẹfà dé 27 oṣù Kọkànlá 1951. Bí ẹ bá mọ ọjọ́ tí bàbá padà sí Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ka ìràwọ̀ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀, ẹ óò mọ nǹkan bí ìgbà tó dé. Ẹ tún wo bóyá "Combat Infantryman Badge" wà níbẹ̀: ẹlẹ́sẹ̀ tó jà lójú ogun gan-an ni wọ́n ń fún. "Purple Heart" túmọ̀ sí pé ó gbọgbẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì National Archives ní àkójọ orúkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó wà nígbèkùn ní Kòríà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá orúkọ bàbá níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Àwọn kan padà délé láìsọ ọ́ fún ọmọ wọn rí.

Fáìlì rẹ̀ gangan wà ní St. Louis, tí iná kò bá jó o. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973, iná sọ ní ilé ìkówèésí ológun níbẹ̀, ó sì run nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù Kọkànlá 1912 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960. Bàbá bọ́ sáàárín. Ẹ kọ̀wé béèrè bẹ́ẹ̀ náà, torí àwọn kan ṣẹ́ kù tí etí wọn jó. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta lẹ́yìn tí sójà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni fáìlì rẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn, nítorí náà ìyàwó yín kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní ó ti jó, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá ìwé owó ìkẹyìn tí wọ́n san fún un, kí wọ́n sì wá ìwé òwúrọ̀ Kọ́ńpìnì C, tí wọ́n ń pè ní morning report. Ojoojúmọ́ ni akọ̀wé kọ́ńpìnì ń kọ ọ́: ẹni tó dé, ẹni tó lọ, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó gbọgbẹ́, ẹni tí wọn kò rí mọ́. Ọjọ́ tí bàbá dé Kọ́ńpìnì C wà nínú ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Kí Màmá náà rántí ìlú tí bàbá wọn padà sí ní 1951 tàbí 1952. Ọ̀pọ̀ sójà ló mú ìwé ìdásílẹ̀ wọn lọ forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù káúńtì wọn nígbà náà, ẹ̀dà rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀, iná St. Louis kò dé ibẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ méjèèjì bá ti wà lọ́wọ́ yín, ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ, ẹ wá béèrè ìròyìn oṣooṣù ti 24th Infantry fún àwọn oṣù wọ̀nyẹn ní National Archives ní College Park, Maryland, nínú Record Group 407. Orúkọ òkè, orúkọ odò àti iṣẹ́ tí Bàtálíọ̀nù Kìíní ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé òwúrọ̀ gbà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ka àwọn ìgékúrú inú rẹ̀.